Ẹrù Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ọjọ́ tí a dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ mi gbá àtẹ̀gùn. Ẹnikẹ́ni kò rán an. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó báàgì wa wọ inú ilé náà ni, yàrá kan àti pálọ̀ tó há bíi kọ́bọ́ọ̀dù, lókè pátápátá, nílùú kékeré kan tó wà létí òkun. Ó bọ́ kóòtù, ó rí ìgbálẹ̀ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbá àtẹ̀gùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó gbé àga méjì tí a bá nínú ilé sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ní kí n wá jókòó.

"Kí la ń dúró dè?" Mo bi í bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀.

"Àwọn aládùúgbò," ó ní. "Wọ́n á máa bọ̀."

A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan kọjá lọ sí yàrá tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wa díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, òtútù lé wa wọlé.

Sójà ni àwa méjèèjì. Ọkọ mi fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bíi wọ́ràntì ọ́fíṣà. Nọ́ọ̀sì lèmi, ọsibítù bárékè ní Bìní ni mo ti ṣiṣẹ́, sájẹ́ǹtì sì ni mo wà kí n tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni wá, ṣùgbọ́n Bìní la ti pẹ́ jù láyé wa. Ibẹ̀ la kọ́lé sí, ní Ikpoba Hill, ilé tí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ní gíláàsì títí di òní. Ibẹ̀ náà ni Bùkọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, ti ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Bùkọ́lá ń gbọ́ Yorùbá bí ẹní ń mu omi, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dáni lóhùn.

Nínú bárékè, àṣà kan wà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Bí wọ́n bá tiránsífà ìdílé kan wá, tí ọkọ̀ wọn bá ti yọ lẹ́nu géètì, gbogbo ilé tó wà ní ìlà yẹn á jáde. Ẹ̀yà kò sí níbẹ̀, ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin á so gèlè mọ́ ìdí, àwọn ọkùnrin á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gùn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á máa kó ẹrù wọlé. Ẹni tó dé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù ara rẹ̀. Wọ́n á gbé ìjókòó fún un lábẹ́ igi, wọ́n á fún un lómi. Kò sì gbọdọ̀ dáná lọ́jọ́ yẹn; ilé yìí á gbé oúnjẹ wá, ilé tọ̀hún á gbé wá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé wa wá sí Bìní, ẹsẹ̀ mi kejì kò tíì kanlẹ̀ tí obìnrin Ẹ̀dó kan tí n kò mọ̀ rí fi sọ Bùkọ́lá kúrò lẹ́yìn mi, tó pọ̀n ọ́n, tó sì gbé páálí àwo mi lérí. Òun ló gbé ọbẹ̀ dúdú wọn wá fún wa nírọ̀lẹ́. Àwọ̀ ọbẹ̀ náà bà mí lẹ́rù. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka lá àwo.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tó kọ́kọ́ dùn wá nílẹ̀ òkèèrè, n kì í dárúkọ òtútù. Àga méjì yẹn ni.

Nínú ìwé tí wọ́n fi gbà wá wọlé, èmi ni mo níṣẹ́, ọkọ mi ni ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. "Sájẹ́ǹtì ti di ọ̀gágun," á wí, á gbé ọwọ́ sórí kí mi, a ó sì rẹ́rìn-ín. Lóṣù kejì ẹ̀rín náà ti ń gbẹ. Ó pè mí jókòó lọ́jọ́ kan, ó ní ọdún kan ni òun máa lò. Bí ọdún kan bá pé tí òun kò rí ohun tí òun wà fún níbí, òun á padà sí Ikpoba Hill.

"Ìwọ lè dúró," ó ní. "Iṣẹ́ rẹ wà níbí. Èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ tí mo wá jẹ́."

N kò bẹ̀ ẹ́. Agídí wà lára mi, mo mọ̀. Nígbà tí Bùkọ́lá wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sójú ogun lápá àríwá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kó tó padà, mo sì dúró dè é láìsunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, wọ́n rán an ni. Ìlọ tó ń sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Iṣẹ́ mi ní ọsibítù, wákàtí méjìlá ni lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ń pe orúkọ mi ní ṣákálá. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn mi nítorí pé mo máa ń kí wọn kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n; ọ̀gá wọ́ọ̀dù ní mo ń pẹ́ jù nídìí ẹnì kan. Bí mo bá délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú, màá jókòó lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ kí n tó lè gòkè. Ó ń rẹ̀ mí débi pé mo máa ń lá àlá pé mo ń sùn.

Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣa páálí ọjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aago méje ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́fà, sójà ti wà lẹ́nu géètì, géètì wà ní títì, òjò ń pa á. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá kọjá, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, á na ara ró ṣánṣán, á fi bàtà lu ilẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó yé ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń já òun láyà. Ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi bí ẹni tí wọ́n já àmì ipò sójà kúrò lápá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi la máa ń pe Bùkọ́lá, lẹ́yìn tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọkọ mi kì í béèrè àlàáfíà ọmọ tó bó ṣe ń béèrè ilé.

"Gbé fóònù sí géètì kí n rí i."

"Daddy, gate dey where you leave am."

"Igi ọsàn mi ńkọ́?"

"E dey. Na goat chop the small one."

"Ewúrẹ́ ta ni? Ta ló ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò yẹn?"

"Daddy, you don chop today so?"

Á rẹ́rìn-ín nígbà náà. A ó máa gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ọmọ náà, a ó máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti ẹnì kan tó ń pariwo mọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá wá gbé fóònù sílẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ pálọ̀ wa á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ó wo ara wa, ẹnì kan á dìde lọ gbé omi kaná.

Mo máa ń bi ara mi nígbà yẹn pé, ìgbà wo gan-an ni Bìní di ilé wa? Kì í ṣe ìlú bàbá wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ọjà Uselu, n kò lè ná ata, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àlejò ni mí. Ẹ̀dó tí mo gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn kò ju ìkíni lọ. Mo wá ọjọ́ náà títí nínú orí mi, mo sì rò pé mo ti rí i. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdílé kan láti Kàdúná yọ lẹ́nu géètì bárékè ni, tí mo já gèlè lórí, tí mo so ó mọ́ ìdí, tí mo sáré jáde. Ẹrù ẹlòmíràn ni mo gbé tí mo fi di ará ibẹ̀. Ọkọ mi kò sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó ń wá nìyẹn, tí kò rí. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ kó bá òun gbé nǹkankan.

Lóṣù kẹrin, láàárọ̀ Sátidé kan, mo wà lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ìyá Bùkọ́lá! Àwọn kan dé o!"

N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Mo dìde wò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àga àti páálí kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Kí n tó yíjú padà, ọkọ mi ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ńkọ́, kí ni mo rò? N kò ro nǹkankan. Mo so ìborùn mọ́ ìdí, mo tẹ̀ lé e.

A kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí a ti wá, ẹni tó bá ń bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ṣé kí òun bá a gbé ẹrù, ńṣe ló ń wá ọ̀nà láti má gbé e. Ọkọ mi sọ àga ńlá kan kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbé páálí àwo. A ń tò wọ́n sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀, ní ìlà tó gún, bí ìgbà tí ọ̀gá fẹ́ wá wo ilé. Ó ń kọrin. Tẹlifíṣọ̀n ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan, òyìnbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, jáde láti yàrá náà. Ó rí ọkùnrin dúdú gíga kan nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó gbá tẹlifíṣọ̀n òun mọ́ra. Ó pariwo, ó sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

A rò pé omi ló lọ bù wá fún wa.

Ọlọ́pàá méjì ló dé. Ọkọ mi rọra gbé tẹlifíṣọ̀n náà kalẹ̀. Wọ́n ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Ó na ara ró, ó fi àtàǹpàkò mọ́ itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀, ó ka ipò rẹ̀ tẹ̀ lé e, kó tó wá kan orúkọ. Ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ dáwọ́ dúró, ó wò mí bóyá mo lè la ọ̀rọ̀ náà yé òun. Mo là á yé wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ̀ wọ́n létí, ṣùgbọ́n ó wọ̀ wọ́n. Wọn kò mú wa, wọ́n kàn ní kí a máa kọ́kọ́ béèrè.

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ tán.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọkọ mi wí. "A fẹ́ bá yín gbé ẹrù yín wọlé ni."

"Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ yín," obìnrin náà wí, ó sì tún ilẹ̀kùn tì.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ọlọ́pàá lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, kó má baà kan obìnrin náà. Ó fa báàgì sójà rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, báàgì aláwọ̀ ewé tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, ó gbé e ti ògiri pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ́sẹ̀ yìí, bàtà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ń wo báàgì náà bó ṣe ń sanra. Mo máa ń fẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́nà ilé ìdáná, màá ṣépè fún un nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, nígbà tí ọdún náà ti ń lọ sópin, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí. Orúkọ obìnrin náà ni Dọ́rìn. Mo ti rí i lára lẹ́tà rẹ̀.

"Ṣé ara yín kò yá ni?"

"Ó rẹ̀ mí ni, mà."

Ó wọlé, ó sì gbé tíì jáde fún mi. Ó dúró bí mo ṣe ń mu ún. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí mo rò pé kò ní béèrè láé.

"Kí ló dé tí ẹ gbé ẹrù mi lọ́jọ́ yẹn?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti ọkọ̀ tó ń yọ lẹ́nu géètì, mo sọ ti obìnrin tó sọ ọmọ kúrò lẹ́yìn mi, mo sọ ti ọbẹ̀ dúdú. Mo ní ẹni tó dé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dáná.

"Ta ló ṣòfin yẹn?"

"N kò mọ̀. A bá a níbẹ̀ ni."

Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó bá òun gbé nǹkankan rí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ba òun. Ó wá ní, "Ọkọ yín ńkọ́? N kì í rí i mọ́."

Ojú tì mí láti sọ pé ó ń sá fún un. "Ó rìnrìn àjò," mo ní. "Ó máa tó dé."

Mo gòkè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, inú mi dùn, mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi pé obìnrin náà ti béèrè. Ó jókòó sórí àga, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó jẹ́ kí n la ẹnu, ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kú síbẹ̀.

Ó sọ fún Bùkọ́lá lọ́jọ́ Ìsinmi. Yorùbá lọmọ náà fi dáhùn lọ́jọ́ yẹn.

"Dádì, ta lẹ máa fi Mọ́mì sílẹ̀ fún?"

"Mọ́mì rẹ, sójà ni," ọkọ mi dáhùn.

Mo jáde kúrò nínú pálọ̀. Mo fẹ́ padà lọ gba fóònù náà kí n sọ fún wọn pé n kì í ṣe sójà mọ́, pé mo kọ̀wé fi í sílẹ̀, pé ó ti rẹ̀ mí. N kò ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó lọ. Báàgì náà ti tóbi ju ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, nítorí náà ó gbé e gba iwájú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọlọ́pàá. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ìta, ó rìn lọ sí kọ̀rọ̀ òpópónà láti wo takisí, nítorí àwọn onítakisí kì í tètè rí ilé wa. Èmi wà ní ilé ìdáná. N kò sunkún. Ife kan ṣoṣo ni mo fọ̀, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo wá gbọ́ ìró lórí àtẹ̀gùn. Gbì. Ó dúró. Gbì. Ó tún dúró, ẹnì kan ń mí gúlegúle. Mo rò pé ọkọ mi gbàgbé nǹkankan ni. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i.

Dọ́rìn ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, irun rẹ̀ tú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di okùn báàgì sójà náà mú. Ó ti fà á gòkè, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn.

"Mo rí orúkọ ọkọ yín lára rẹ̀," ó ní. "Ó ti dé, àbí? Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dáná o. Mo lọ́bẹ̀ nísàlẹ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó ń fò àtẹ̀gùn ní méjìméjì, ó ń pariwo, "Ìyá Bùkọ́lá! Wọ́n ti gbé báàgì mi lọ!" Ó yọ sí wa, ó sì dúró gbọnin. Obìnrin tó ń sá fún ló di ẹrù rẹ̀ mú. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, ó wò mí.

"Mo sọ àṣà bárékè fún wọn," mo wí fún un ní Yorùbá. "Wọ́n rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù yín." Agídí mi tán níbẹ̀. "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ. Mi ò lè dá wà níbí."

Láti ọdún kan, n kò tíì sọ ọ́.

Ó na ọwọ́ sí báàgì náà. Dọ́rìn gbá a lọ́wọ́. "Rárá!" ó ní, ó fà á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gbé e ti ògiri pálọ̀, sójú ibi tó ti wà láti ọjọ́ yìí. Takisí ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Ọkọ mi dúró, ó ń gbọ́ fèrè náà, ó ń wo arúgbó tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Ó wá yíjú sí mi. "Sájẹ́ǹtì, lọ bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn kó máa lọ."

Nígbà tí mo padà dé, ó ti gbé àga méjì náà sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ Dọ́rìn tó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àti ìró ṣíbí nínú abọ́.

Ọbẹ̀ náà funfun. Ànàmọ́ òyìnbó àti kárọ́ọ̀tì ló wà nínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkọ mi jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó fi búrẹ́dì nu abọ́.

"Kò sí oúnjẹ ọmọ tuntun tó máa sàn ju èyí lọ," ó wí ní Yorùbá. "Ata ò tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá." Ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Kí ló sọ?" Dọ́rìn bi mí.

"Ó ní ó dùn," mo dáhùn. Irọ́ kejì tí mo pa fún un nìyẹn.